Òjé Tí Mo Rù Wálé

Ọwọ́ ọ̀tún ọkọ mi ni ó kọ́kọ́ kọ iṣẹ́. Kò dùn ún, kò wú, kò sì gbọgbẹ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó fẹ́ ṣí àgádágodo ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ó ti kọ́kọ́rọ́ bọ ojú rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ kò yí. Ó ní ìpẹtà ló ti wọ inú rẹ̀, ó ní kí n bu epo díẹ̀ wá. Mo bu epo wá, mo fi ìyẹ́ adìyẹ tọ́ ọ sí i, síbẹ̀ kò yí. Ni mo bá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi ìka méjì péré yí i, ilẹ̀kùn sì ṣí. A wo ara wa. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Epo náà ti ṣiṣẹ́." Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Kàbà ni à ń gbé. Òmìnira kò tíì dé, Kàdúná ni wọ́n ti ń ṣe ìjọba lé wa lórí, ọ̀nà tó lọ sí Lọ́kọ́jà ṣì jẹ́ erùpẹ̀ pupa tó jẹ́ pé bí lọ́rì kan bá kọjá lórí rẹ̀, gbogbo obìnrin tó wà létí ọ̀nà ni yóò sáré kó aṣọ tí wọ́n sá wọlé. Ọkọ mi kì í ṣe alágbẹ̀dẹ ìdílé. Lọ́kọ́jà ló ti kọ́ iṣẹ́ páànù lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó jẹ́ ará Tápà, ọdún márùn-ún ló fi sìn ín kí ó tó wálé wá ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan létí ọ̀nà ọjà. Agolo kẹrosíìnì tó ti ṣófo ni ó fi ń ṣe fìtílà àti àrọ tí àwọn obìnrin fi ń rọ epo. Tí ó bá fi òjé dí kẹ́tùlù tó ń jò fún ọ, o lè fi ìka wá ojú ibi tó dí náà títí, o kò ní rí i. Ṣùgbọ́n àwọn ọdẹ ni oníbàárà rẹ̀ tó pọ̀ jù. Ọta ìbọn ni wọ́n ń wá, òjé ni a sì fi ń ṣe ọta.

Bí ó ti ń ṣiṣẹ́ ni ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Kò sí ẹni tí yóò gba iwájú ṣọ́ọ̀bù kọjá tí kò ní kí bí wọ́n ti ń kíra nílẹ̀ wa. "Òkun o! Ilé ńkọ́? Ewúrẹ́ yín tó sọnù ńkọ́?" Ó mọ ewúrẹ́ gbogbo àdúgbò. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ilé rẹ̀ láti Ìyàh-Gbẹ̀dẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń sú mi, nítorí èmi kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo máa ń sọ fún un pé kí ó jẹ́ kí etí mi sinmi díẹ̀. Mo rántí pé mo sọ bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń dùn mí.

Èmi ni mo mú ọ̀rọ̀ bátìrì wá. Tẹ́lẹ̀, òjé wọ́n. Ó máa ń ránṣẹ́ sí Lọ́kọ́jà fún un, nígbà mìíràn kò ní dé, àwọn ọdẹ yóò wá, wọn yóò jókòó lórí àpótí títí, wọn yóò sì lọ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Àbúrò ìyá mi ọkùnrin ń tún ọkọ̀ ṣe ní gáréèjì. Ní ọjọ́ kan tí mo gbé oúnjẹ lọ fún un, mo rí àwọn bátìrì ọkọ̀ tó ti kú, wọ́n kó wọn jọ sí ẹ̀yìn ògiri, koríko ti ń hù láàárín wọn.

Mo bi í pé, "Kí lẹ ń fi wọ̀nyí ṣe?"

Ó ní, "Kò sí. Tó bá kún, a ó gbẹ́ kòtò, a ó kó wọn sí i."

"Kí ló wà nínú rẹ̀ tó fi wúwo bẹ́ẹ̀?"

"Òjé ni. Òjé ló kún inú rẹ̀. Àmọ́ ṣọ́ra, omi rẹ̀ ń jẹ aṣọ."

Mo ká òṣùká, mo gbé ọ̀kan rù. Kí n tó dé ilé, omi rẹ̀ ti jò sí ìró mi, ó sì ti dá ihò mẹ́rin sí i lára bí ẹni pé kòkòrò jẹ ẹ́. Mi ò bìkítà. Inú mi dùn bí ti ẹni tó ṣàdédé rí ẹran nínú pàkúté tí kì í ṣe òun ló dẹ ẹ́. Ọkọ mi fi ẹ̀yìn àáké fọ́ ọ, a da omi rẹ̀ sẹ́yìn ilé, a yọ òjé inú rẹ̀ tó rí pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, a kó o sínú ìkòkò irin, a gbé e ka èédú, èmi sì ń fẹ́ iná. Èéfín tó jáde kò dà bí èéfín igi. Ó rọra ń dìde, àwọ̀ rẹ̀ ń lọ sí pupa rúsúrúsú, ó sì ń fi adùn kan sí wa lẹ́nu, bí ìgbà tí ènìyàn bá lá irin.

Ọkọ mi wúkọ́. Ó ní, "Òórùn eléyìí kò dáa o."

Mo ní, "Èéfín wo ni kò ní òórùn? Ẹ má dá a lóhùn."

Bẹ́ẹ̀ ni mo sọ. Kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀ tó sọ ọ́.

Láti ìgbà náà, a kò wá òjé mọ́. Ó tó bí ọdún mẹ́rin tí mo fi ń ru bátìrì wálé. Òrùlé ṣọ́ọ̀bù náà kéré, ó sì sún mọ́ orí, nígbà tí ọyẹ́ bá sì ń fẹ́, a máa ń ti ilẹ̀kùn kí ẹfúùfù má baà kó eérú sí wa lójú. Inú èéfín yẹn ni a ti ń jẹun. Ẹ̀wà tí mo bá sè ni a ń jẹ níbẹ̀, a ó kàn nu ọwọ́ mọ́ aṣọ ni. Bí a bá yọ́ òjé tán, ó máa ń dà á gba inú agolo tí ó lu ní ihò wẹ́wẹ́ sínú garawa omi, òjé yóò sì máa bọ́ sínú omi ní kóróokóró. Ó máa ń sọ kóró kan sẹ́nu, ó máa ń fi eyín gé e láti mọ̀ bóyá ó rọ̀ tó. Nígbà mìíràn yóò fi àwọn kóró náà pamọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí ìgbà tí ènìyàn ń jẹ obì, yóò sì máa bá àwọn tó ń kọjá sọ̀rọ̀ lọ.

Lẹ́yìn ọ̀ràn kọ́kọ́rọ́ yẹn, ó tó bí oṣù méjì kí òmíràn tó ṣẹlẹ̀. Ó ń da òjé, ìgbakọ irin sì yọ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, òjé gbígbóná fọ́n sílẹ̀, díẹ̀ ta sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó pariwo. Nígbà tí mo ń fi òrí pa ojú egbò náà fún un ni mo wo ọwọ́ rẹ̀ dáadáa. Ẹran tó wà láàárín àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e ti lọ. Ibi tó yẹ kó yọ bí òkèlè iyán ti jìn wọnú, bí ilẹ̀ tí wọ́n gbẹ́.

Mo ní, "Bàbá ọmọ mi, kí ló ṣe ọwọ́ yín?"

Ó wò ó bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni. Ó ní, "Kò dùn mí."

Kò dùn ún lóòótọ́. Títí dé òpin, kò dùn ún. Bí ẹ̀fọn bá bà lé e lára, ó mọ̀. Kò kàn ní lè gbé ọwọ́ lé e kúrò ni. Ẹran ara rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í tá fìrìfìrì, ní apá, ní èjìká, lẹ́yìn náà ní itan. Bí ó bá bọ́ ẹ̀wù, ènìyàn yóò rí i pé nǹkan ń rìn lábẹ́ awọ rẹ̀ láìsinmi, bí ojú omi tí òjò ń sẹ̀ sí. Àwọn ọmọbìnrin wa méjèèjì, ọ̀kan ò ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ, èkejì sì jẹ́ mẹ́rin, máa ń fi ìka kàn án, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Ó máa ń jẹ́ kí wọ́n ṣe é.

A pe ẹni tó ń fọwọ́ ra eegun, ó fi òrí àti ewé ra apá náà títí awọ rẹ̀ fi pọ́n. A gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ènìyàn ń sọ tiwọn. Àwọn kan ní aláàbò ara rẹ̀ ló kọ̀ ọ́ sílẹ̀ nítorí ẹran tí ọta rẹ̀ ń pa. Ẹni kan ní omi kànga ẹ̀yìn ọjà ni. Àwọn mìíràn ní àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tí ń fọ́n oògùn ẹ̀fọn sí ògiri ilé ló fọ́n májèlé sí i. Ẹnikẹ́ni kò dárúkọ òjé. Gbogbo ìlú ló mọ òjé, ó wà lọ́wọ́ àwọn àgbà bí ẹ̀gbà ọwọ́, ta ni yóò fura sí i?

Nígbà tí ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́lẹ̀, tí sálúbàtà ń yọ bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, a wọ lọ́rì lọ sí ilé ìwòsàn míṣọ́nnárì kan lápá Yàgbà. A sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn kí ó tó kàn wá. Dókítà náà jẹ́ òyìnbó, ó gùn, ó sì máa ń tẹrí ba kí ó tó wọ ẹnu ọ̀nà. Nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ ọmọ Yàgbà ló ń ṣe ògbufọ̀ fún wa. Dókítà fi òòlù kékeré kan lu orúnkún ọkọ mi, ẹsẹ̀ náà sì ta sókè bíi ti ẹṣin. Ó ní kí ó yọ ahọ́n. Mi ò tíì wo ahọ́n rẹ̀ láti ìgbà tí èyí ti bẹ̀rẹ̀. Ó ń rún ara rẹ̀, ó ń gbọ̀n, bí ẹni pé ekòló wà nínú rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ní, "Dókítà ń bi yín pé, iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe?"

Ọkọ mi ní, "Iṣẹ́ páànù. Mo ń yọ́ òjé."

Kí nọ́ọ̀sì tó sọ ọ́ tán ni dókítà ti gbé orí sókè. Ó fà á ní ètè sókè, ó tan iná wo erìgì rẹ̀. Ó bi í bóyá inú máa ń lọ́ ọ. Ó bi í bóyá ó lọ sógun òkè òkun, ọkọ mi ní rárá. Ó bi í bóyá ó ti fi orí gbá nǹkan rí, ọkọ mi ní òun já láti orí igi igbá nígbà tí òun wà lọ́mọdé, pé odindi ọjọ́ kan ni òun kò fi sọ̀rọ̀. Dókítà kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni nọ́ọ̀sì yíjú sí mi. "Ó ń bi yín pé, ta ló ń bá wọn yọ́ òjé náà?"

"Èmi ni."

Dókítà ní kí n na ọwọ́. Ó tẹ àtàǹpàkò mi, ó ní kí n fi agbára tì í padà, mo sì tì í padà débi pé ó rẹ́rìn-ín. Ó wo erìgì mi. Kò sí nǹkan kan tó ṣe mí. Mo jókòó níbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ mi méjèèjì tó le koko, ojú ọkọ mi sì ń tì mí.

Ohun tí dókítà sọ kò ṣòro. Ó ní òjé lè pa iṣan ọwọ́, òun sì ti rí i rí. Tó bá jẹ́ òjé ni, bí a bá kúrò nídìí rẹ̀, ọwọ́ náà lè padà díẹ̀díẹ̀. Ó ní àrùn mìíràn tún wà tó jọ ọ́, òun kò ní dárúkọ rẹ̀ fún wa báyìí. Ó ní kí a fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, kí a padà wá.

Nínú lọ́rì tó ń gbé wa bọ̀, mo ń gbàdúrà pé kí ó jẹ́ òjé. Ẹ wo irú àdúrà tí obìnrin ń gbà. Mo ń bẹ Ọlọ́run pé kí ó jẹ́ pé èmi ni mo ṣe é, nítorí tó bá jẹ́ èmi ni, ó lè tán.

Mo kó ìkòkò irin àti garawa náà lọ sínú igbó, mo kó wọn sínú kòtò. Mo fi ọṣẹ dúdú fọ gbogbo aṣọ, mo fọ ẹní, mo fọ àwo tí a fi ń jẹun. A ti ṣọ́ọ̀bù pa, a kó lọ sí oko bàbá mi ní Ìyàh-Gbẹ̀dẹ̀. Omi odò ni a ń mu, iṣu àti ọkà bàbà tí wọ́n gbìn níbẹ̀ ni a ń jẹ. Láràárọ̀, kí n tó gbálẹ̀, mo máa ń na ọwọ́ sí i, n ó ní, "Ẹ fún ọwọ́ mi pọ̀." Yóò fi ìka fún ọwọ́ mi. N ó di ojú mi láti wọ̀n ọ́n wò bóyá ó le ju ti àná lọ.

Ní ọjọ́ kan, mo ti inú oko bọ̀, mo rí i tó gbé ago sẹ́nu fúnra rẹ̀. Mo ju igi ìdáná sílẹ̀, mo pariwo pe ìyá mi. "Ìyá, ẹ wá wò ó! Ó gbé ago!" Ìyá mi sáré jáde. Nígbà tí a súnmọ́ ọn, a rí i pé ọrùn ọwọ́ méjèèjì ló fi há ago náà mọ́ra, tó ti tẹ orí wá bá a bí ìgbà tí ewúrẹ́ ń mu omi. Omi ti da sí i láyà. Ó wò mí. Ó ní, "Má pariwo mọ́." Ìyá mi padà sínú ilé. Mo kó igi mi jọ.

Kí oṣù mẹ́fà tó pé, ọwọ́ òsì ti tẹ̀ lé ọ̀tún. Ó ń fi igi méjì rìn, lẹ́yìn náà a ń dì í mú. Ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. Àwọn ará oko rò pé ó mu ẹmu yó, wọ́n sì ń fi ṣẹ̀fẹ̀ títí tí wọ́n fi mọ̀ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì dẹ́kun wíwá. Ó ń kí ènìyàn, wọn kò mọ ohun tó sọ, wọ́n á kàn mi orí. Ó rí i pé wọn kò gbọ́. Díẹ̀díẹ̀, ó jáwọ́ nínú kíkí.

Nígbà tí a padà dé ọ̀dọ̀ dókítà, kò lu orúnkún rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ó jókòó. Ó bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ ní ohùn kékeré, nọ́ọ̀sì náà sì yíjú sí wa.

Ó ní, "Dókítà ní ẹ ṣe gbogbo ohun tí òun ní kí ẹ ṣe. Ó ní àrùn kejì tí òun kò dárúkọ nígbà náà ni, èyí tó ń pa iṣan ara. Kò sí oògùn rẹ̀, níhìn-ín tàbí nílùú òyìnbó."

Mo ní, "Ẹ bá mi bi í, ṣé òjé ló fà á?"

Dókítà fèsì, nọ́ọ̀sì sì sọ ọ́ fún mi bó ṣe wà: "Ó ní òun kò lè sọ pé òjé ni, òun kò sì lè sọ pé òjé kọ́. Ó ní ẹnikẹ́ni kò tíì mọ ohun tó ń fà á."

"Èmi tí a jọ wà nínú èéfín náà ńkọ́? Kí ló dé tí kò mú mi?"

Nọ́ọ̀sì kò tilẹ̀ sọ èyí fún dókítà. Ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Ẹ máa lọ sílé, ìyá. Ẹ máa gé oúnjẹ wẹ́wẹ́ fún wọn. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dùbúlẹ̀ gbalaja tí wọ́n bá ń mu omi."

A padà sí Kàbà. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, ẹni tó tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wọn, wá láti máa gbé pẹ̀lú wa. Kì í ṣe ènìyàn búburú. Òun ló ń gbé e tí mo bá lọ sí odò, òun ló ń wẹ̀ ẹ́ ní ọjọ́ tí ẹ̀yìn bá ń dùn mí. Ṣùgbọ́n nígbà kan tí a jọ ń bó ẹ̀gúsí ní ẹ̀yìn ilé, ó gbé àwo sílẹ̀, ó wò mí lójú.

"Ìyàwó, mo fẹ́ bi ọ́ léèrè. Kí lo gbé wọlé fún àbúrò mi?"

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀yin ìyá mi, mi ò gbé nǹkan kan wọlé bí kò ṣe bátìrì."

Ó ní, "Ṣùgbọ́n ìwọ ò ṣàìsàn."

"Mi ò ṣàìsàn."

"Ẹni méjì jẹun nínú àwo kan, ọ̀kan ṣoṣo ni ó ń kú. Kí ni kí n máa rò?"

Ìbéèrè tèmi náà ló bi mí yẹn. Ó gbé àwo rẹ̀ padà, a sì ń bó ẹ̀gúsí náà lọ títí ó fi tán. Kò tún sọ ọ́ mọ́, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, òun ló ń tọ́ oúnjẹ ọkọ mi wò kí n tó fún un.

Nígbà tí òjò tún bẹ̀rẹ̀, kò lè jókòó mọ́ bí a kò bá fi aṣọ dì í mọ́ ògiri. Èmi nìkan ni mo ṣì ń gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀. Omi lásán lè pá a lórí. Ó máa ń wúkọ́ títí ojú rẹ̀ á fi pọ́n, èmi á máa lù ú lẹ́yìn, àwọn ọmọ á sì sá jáde. Ojú rẹ̀ nìkan ni kò yí padà. Ojú náà mọ ohun gbogbo. Àwọn tó ń wá kí i máa ń sọ̀rọ̀ sókè bí ẹni ń bá adití sọ̀rọ̀, tàbí kí wọ́n máa bá mi sọ̀rọ̀ rẹ̀ níwájú rẹ̀ bí ẹni pé ó ti lọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sí ọjà, mo jókòó tì í. Mo ní, "Bàbá ọmọ mi, ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi."

Ó yí ojú sí mi.

"Èmi ni mo ru bátìrì wálé. Ẹ sọ pé òórùn rẹ̀ kò dáa, mo ní kí ẹ má dá a lóhùn. Tó bá jẹ́ pé òun ni ńkọ́?"

Ó wò mí pẹ́. Mo mọ ohun tí mo ń retí. Mo ń retí kí ó mi orí, kí ó ní rárá, kí ó ní iṣẹ́ Ọlọ́run ni. Bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ irọ́, n ó gbà á. Ó kó itọ́ ẹnu rẹ̀ jọ, ó gbé e mì pẹ̀lú wàhálà, ó sì sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó yé mi kedere.

"Ó lè jẹ́."

Mo dúró dè é bóyá yóò fi òmíràn kún un. Kò fi kún un. Kì í ṣe pé ó bínú, mo mọ ìbínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti wọ́n lẹ́nu rẹ̀ nígbà náà. Kò ní èyí tí yóò fi ṣòfò láti tù mí nínú. Mo nu ẹnu rẹ̀. A jọ ń gbọ́ òjò.

Ọ̀sán gangan ló kú, ní ọjọ́ ọjà, nígbà tí àdúgbò dákẹ́ nítorí pé gbogbo ènìyàn ti lọ. Èémí rẹ̀ ti ń kúrú láti bí ọjọ́ mẹ́ta. Mo ń fi ṣíbí kán omi ògì sí i lẹ́nu, mo rí i pé omi náà kò lọ, ó kàn jókòó sí ibẹ̀. Ojú rẹ̀ wà ní ṣíṣí. Mo pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nígbà tí ó dé, ó gbé apá ọkọ mi sókè, ó tú u sílẹ̀, ó ṣubú. Ó ti pẹ́ tí apá náà ti ń ṣubú bẹ́ẹ̀ kí ó tó kú, nítorí náà kò dá a lójú. Ó tún gbé e lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn náà ló ké.

Ẹbí ọkọ mi ní kí n di aya fún àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, mo kọ̀. Mo kó àwọn ọmọ padà sí Ìyàh-Gbẹ̀dẹ̀. Mo ń ṣe oko ẹ̀pà àti ilá. Ara mi le, kò sí ìgbà tí orí fọ́ mi. Tí mo bá gbé ẹrù wúwo láti oko, tí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ mi sì ń yìn mí pé mo lágbára, ìyìn náà máa ń bà mí nínú jẹ́.

Ó ku díẹ̀ kí ọdún kan pé lẹ́yìn ikú ọkọ mi ni mo gbọ́ pé obìnrin kan wà ní Ìyàrá tí àìsàn rẹ̀ jọ ti ọkọ mi. Ìyàwó tíṣà ni wọ́n ní ó jẹ́. Ẹnikẹ́ni kò rán mi. Mo kàn fẹ́ mọ bóyá ó fọwọ́ kan òjé rí.

Mo bá a níwájú ilé, ó jókòó lórí àga, ọ̀yàyà sì wà lójú rẹ̀. Ó gbé àwo ẹ̀pà kan sórí itan, ó ní kí n jẹ. Mo rí i pé kò lè pa ẹ̀pà náà, ó ń fi eyín pa á. Mo wo ọwọ́ rẹ̀. Mi ò nílò kí a sọ fún mi.

Ó ní, "Wọ́n ní ọkọ yín ṣe irú rẹ̀ rí. Ẹ ṣé tí ẹ wá kí mi. Oògùn alágbára kan ni wọ́n ń fún mi lábẹ́rẹ́ báyìí, ó dà bí ẹni pé ó ń ṣiṣẹ́."

Mo bi í nípa iṣẹ́ rẹ̀. Kò yọ́ òjé rí. Kò mọ bátìrì. Oko ni, àti ọkà lílọ̀, àti àwọn ọmọ títọ́. Bí ó ti ń sọ̀rọ̀ ni ọ̀nà tí mo ti ń tọ̀ láti ọdún púpọ̀ ń dí mọ́ mi níwájú. Mo ti jẹ́ ẹlẹ́bi fún ìgbà pípẹ́ débi pé ó ti mọ́ mi lára. Ó kéré tán, ẹlẹ́bi mọ ìdí. Níbẹ̀ ni mo ti rí i pé mi ò tilẹ̀ mọ̀ bóyá mo jẹ̀bi.

Ọkọ rẹ̀, tíṣà náà, sìn mí dé ojú ọ̀nà níbi tí mo ti ń dúró de ọkọ̀. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ẹfun ìkọ̀wé ṣì wà ní ìka rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi pamọ́ fún mi. Ọkọ yín ńkọ́?"

"Ó kú."

"Ó pẹ́ kó tó kú?"

"Kò pé ọdún mẹ́ta."

Ó wo ilẹ̀. Ó ní, "Mo ti ń rò ó. Mo rò pé oògùn lẹ́búlẹ́bú funfun yẹn ni, èyí tí wọ́n fi po irúgbìn òwú kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Àpò rẹ̀ wà ní igun yàrá wa fún ẹ̀ẹ̀rùn méjì. Ìyàwó mi ló ń gbá ibẹ̀, ó sì máa ń fi ọwọ́ kó o. Ẹ̀yin tí ẹ ti rí i rí, ṣé oògùn náà ni?"

Mo fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo fẹ́ sọ pé rárá. Mo mọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò ṣe fún un.

Mo ní, "Ó lè jẹ́."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ló kó àpò náà jù sódò, tó fi ọkọ́ ha ilẹ̀ yàrá wọn, tó ha ògiri títí dé àjà, tó sì fi amọ̀ tuntun rẹ́ gbogbo rẹ̀. Wọ́n ní òun fúnra rẹ̀ ló po amọ̀ náà, ìyàwó rẹ̀ sì ń wò ó láti orí àga. Obìnrin náà kú kí iṣu tuntun tó jáde.